Ilé Tó Ń Jò, Ilé Wa Ni

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Agbẹ̀bí fẹ́ lọ rí àwọn àlejò òkè òkun tó wá ṣa nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ta sí i láṣọ. Aṣọ funfun ni o, èyí tó ti lọ̀ láti àná, tí ọkọ rẹ̀ sì tún fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó ní obìnrin tó ń lọ wáṣẹ́ lókè òkun ò gbọdọ̀ wọ aṣọ tó rún.

Kò yẹ kó yà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà rárá. Ó ti gbààyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbẹ̀bí láti ìgbà tí kò tíì sí ewú kankan lórí rẹ̀, tí wọ́n ti fi iṣẹ́ pè é títí tí ọkọ rẹ̀ pàápàá fi ń pè é ní Agbẹ̀bí, ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń dá lọ sí ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ó ní òun kàn fẹ́ yọjú wo ìyá ìbejì kan tí òun fi sílẹ̀ lánàá. Bó ṣe dé ẹnu géètì báyìí ni ọlọ́kadà kan já wọlé tòun ti fèrè. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ti ń yẹ̀, ìyá àgbà kan sì dì í mú látẹ̀yìn, ó pọn ọmọ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ń kán tó, tó, tó sílẹ̀ lára ọ̀kadà náà.

"Ilé ló bí i sí, kí n tó wá mọ́tò," ni ìyá àgbà ń wí. "Ọmọ ti dé, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ gbà mí, nọ́ọ̀sì!"

Agbẹ̀bí ju báàgì sílẹ̀, ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ tó yá lọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀, ó kọjú síṣẹ́. Wọ́n gbé ọmọbìnrin náà wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ omi ò yọ. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àwọn ìyá àti àbúrò àwọn aláboyún tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n ti tò láti ẹnu kànga dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń gba garawa lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tó wá kù ni ẹ̀jẹ̀. Fíríìjì tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ti kú láti èṣí. Wọ́n ní owó fíríìjì tuntun ti jáde lápò ìjọba, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọ àpò ẹlòmíì, Ọlọ́run àti ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

"Ta ló lè fún un lẹ́jẹ̀?" ni dókítà bi ìyá àgbà. Wọ́n yẹ tirẹ̀ wò, kò bá a mu.

Ọlọ́kadà náà ṣì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di fìlà mú. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ẹ yẹ tèmi wò."

Ó bá a mu. Wọ́n gbà á lára rẹ̀, wọ́n sì fi fún ọmọbìnrin náà ní tààràtà. Ojú ọmọbìnrin tó ti ń funfun bí ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nígbà tí ìyá àgbà tú owó ọkọ̀ kúrò létí aṣọ, ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ fi ra nǹkan jẹ. Ṣé ẹrù ni mo gbé ni?" Ó mu nǹkan dídùn tí wọ́n fún un, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó rántí bi í ní orúkọ.

Báyìí ni Agbẹ̀bí ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àlejò náà ti ń rí àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú àbàwọ́n pupa láyà, tó ti fi omi kànga fọ̀ tí kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bá a wá ọ̀nà náà. Bùrọ̀dá Tíṣà ni wọ́n ń pè é, torí tíṣà ló jẹ́ kó tó kọjá sókè òkun, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù báyìí. Ó ti kọ́ Agbẹ̀bí lóhun tó máa sọ lórí fóònù bí ẹní kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní: "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tó o fẹ́ lọ, má fa ọ̀rọ̀ gùn. Sọ pé ilẹ̀ náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Àwọn àlejò náà jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan, ọkùnrin méjì, obìnrin kan láàárín wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń mì lókè orí wọn. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ rí àbàwọ́n. Agbẹ̀bí ní òun ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni, ó sì ṣàlàyé fún un ní ṣókí, fíríìjì tó kú, omi tí kò sí, ọmọbìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Obìnrin náà mi orí. Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn rẹ̀ rárá, àánú ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì tún burú jù.

"Ẹ kú ìrọ́jú," ló wí. "Ibi gbogbo tá a bá dé la ti ń gbọ́ irú ẹ̀. Níbi tí ẹ̀mí èèyàn ò ti já mọ́ nǹkan kan, báwo lẹ ṣe ń fara dà á?"

Agbẹ̀bí la ẹnu. "Ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe" wà létí ahọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ó ti ṣe tán láti bọ́. Ó gbé e mì.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀mí èèyàn ò já mọ́ nǹkan níbí?"

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́."

"Mo sọ pé wọ́n jí owó fíríìjì wa. Olè ni wọ́n, màá sì sọ ọ́ lójú wọn. Àmọ́ mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi. Ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí na apá rẹ̀ láàárọ̀ yìí fún ọmọ ọlọ́mọ tí òun náà ò mọ̀ rí, kò gba kọ́bọ̀. Olè yẹn, ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni. Ọlọ́kadà yẹn náà, ọmọ ibí ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀kan sílẹ̀, ẹ kọ èkejì sí i. Ilé wa ń jò, mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn ibòmíì wà tó jẹ́ pé ojú ọ̀run gan-an là ń wò. Ṣùgbọ́n ilé tó ń jò kì í ṣe ilé tí ò léèyàn."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wúkọ́. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ lọ?"

"Ó rẹ̀ mí ni," ni Agbẹ̀bí dáhùn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Iṣẹ́ pọ̀, owó oṣù kéré, ọmọ ń dàgbà. Òótọ́ nìyẹn náà." Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Kò dákẹ́. "Èmi náà ní ìbéèrè kan. Tẹ́ ẹ bá kó àwa tá a mọṣẹ́ lọ tán, ta ni yóò máa gbẹ̀bí níbí? Kí lẹ fẹ́ fi dípò wa?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi wá nírú ẹ̀ rí," ni obìnrin náà wí.

"Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ń rò ó, mà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kẹ́ ẹ má lọ já wọn sílẹ̀."



Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀ ni fóònù dún. Ọ̀rẹ́ Bùrọ̀dá Tíṣà kan wà láàárín àwọn tó ṣètò ìpàdé náà. Ọ̀rọ̀ ti dé etí rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Kò kí i. "Mo bẹ èèyàn títí orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ìwọ lọ jókòó níwájú wọn, ò ń gbèjà olè!"

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Mi ò gbèjà olè kankan. Mo pè wọ́n lólè níbẹ̀."

"O gbèjà orílẹ̀-èdè tó pa àwọn ọmọ kíláàsì mi."

Agbẹ̀bí mọ ohun tó ń sọ. Bùrọ̀dá Tíṣà ti lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ihò síbẹ̀, ó ń wí pé ikán ti jẹ igi òrùlé kíláàsì òun. Wọ́n ń ní kó lọ máa bọ̀. Ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ ni òrùlé náà wálẹ̀, àárín iṣẹ́ ìṣirò ni. Àwọn tó jáde jáde. Àwọn tí ò jáde, títí di òní Bùrọ̀dá Tíṣà ò lè dárúkọ wọn kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Òun ni wọ́n tún gbé kúrò níbẹ̀. Ó fi ìlú sílẹ̀, kò sì tíì wẹ̀yìn wò, àfi kó bú u.

"Mi ò gbàgbé wọn," ni Agbẹ̀bí wí jẹ́jẹ́. "Àmọ́ ta ló bá yín wú òrùlé yẹn? Ẹ rántí. Bíríkìlà tó ń kọ́lé lódìkejì títì, télọ̀, ìyá tó ń ta bisikíìtì. Èékánná ni wọ́n fi ń wú páànù. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi."

"Àwọn kọ́ ni ìjọba."

"Ìjọba náà kọ́ ni orílẹ̀-èdè. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Bùrọ̀dá Tíṣà mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ dídùn," ló wí. "Ọ̀rọ̀ dídùn ò gbé òrùlé ró, àbúrò mi." Ó gé fóònù.

Ọkọ Agbẹ̀bí ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Irin ló ń jó. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Wẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ mú ju irin tó ń gé lọ. "Ẹ̀yin ọmọ ìyá yìí," ló wí, "ìfẹ́ ìlú yìí ló ń da ẹ̀yin méjèèjì láàmú. Ọ̀kan ń bú u, èkejì ń bú ẹni tó ń bú u."

Agbẹ̀bí ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń bá a sùn, ó ń bá a jí. Lóòótọ́, ó rọrùn láti jókòó síwájú àlejò kéèyàn máa fi ẹnu tún ilé ṣe.

Àṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba ìlú kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń dúró de tiwọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ díẹ̀, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i. Ìgbà tó fi máa dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní ó gbá tábìlì, ó ní àwọn àlejò ò ní mú nọ́ọ̀sì kankan lọ lójú òun. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pè é sí ọ́fíìsì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

"Ìwọ lọmọ!" ló wí. "Irú èèyàn tí orílẹ̀-èdè yìí nílò nìyẹn. Mínísítà ètò ìlera ń bọ̀ wá ṣí wọ́ọ̀dù wa tí wọ́n tún ṣe. Ìwọ lo máa dúpẹ́ lórúkọ gbogbo wa."

"Kí ni kí n dúpẹ́ fún, mà?"

Mátírọ́ọ̀nù rò ó. "Ọ̀dà," ló wí.

"Ọ̀dà nìkan?"

"Wò ó, má ṣe mí léèmọ̀. Sọ pé kò sírú orílẹ̀-èdè wa lágbàáyé. Ṣé kì í ṣe ohun tó o sọ fún àwọn àlejò nìyẹn?"

"Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn, mà."

Ṣùgbọ́n Mátírọ́ọ̀nù ti ń ronú aṣọ tí òun máa wọ̀. Kí ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé owó oṣù tirẹ̀ ló fi ń ra ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí. Ó kàn ń sún mọ́ àtifẹ̀yìntì ni, ó sì fẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo dára kí òun tó lọ.

Ọjọ́ ọ̀hún kò. Wọ́n ti kun iwájú ilé náà, ògiri ẹ̀yìn ṣì wà bó ṣe wà, ewédò ti hù lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tuntun. Àwọn obìnrin tí ò rí bẹ́ẹ̀dì, tí ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí, wọ́n ti kó wọn tọmọtọmọ lọ sí abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ sunkún. Láàárín wọ́ọ̀dù, fíríìjì ńlá funfun kan dúró, rìbọ́ọ̀nù lọ́rùn. Agbẹ̀bí ò rí i rí. Ó bi ẹni tó ń tọ́jú wáyà. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Ilé ìwòsàn olówó tó wà níwájú yẹn ló yá wa. Tí àlejò bá ti lọ, ó ń padà lọ sílé."

Agbẹ̀bí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin tí wọ́n fún lẹ́jẹ̀ lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, ó jókòó lórí ike ìfọṣọ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ń fi ọwọ́ kejì lé eṣinṣin. "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ bínú. Àìbínú rẹ̀ yẹn ló bí Agbẹ̀bí nínú.

Mínísítà dé, tòun ti àwọn oníkámẹ́rà. Ó gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mátírọ́ọ̀nù na gbohùngbohùn sí Agbẹ̀bí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà," ló wí. "Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń bá wa pọnmi nínú kànga nígbà tí ẹ̀rọ ò bá yọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù wa, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan tó gba ẹ̀mí là níbí tó sì bá tirẹ̀ lọ. Nítorí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, mi ò lè gbà kí àlejò kankan fojú di ilẹ̀ yìí."

Mínísítà pàtẹ́wọ́, ó ti ń dìde. Ó rò pé ó parí.

"Fíríìjì tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ yìí," ni Agbẹ̀bí ń bá lọ, "àlejò ni òun náà. Àárọ̀ yìí ló dé. Bí mọ́tò ọ̀gá bá ti ṣẹ́ kọ́nà báyìí, òun náà ń bọ̀ wá dágbére."

Ìyá ìkókó kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wọ́ọ̀dù, títí kan oníkámẹ́rà kan. Ojú Mátírọ́ọ̀nù dà bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú.

"Owó tiwa ti jáde tipẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ́, bí kò bá sí níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbí. Àwọn obìnrin kan sì wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n kó pamọ́ bí ẹní gbá ìdọ̀tí sábẹ́ àga. Ìdọ̀tí kọ́ ni wọ́n o! Àwọn lonílé. Àwa tá a kó wọn pamọ́ ni ká lọ fojú pamọ́."

Ẹnìkan já wáyà gbohùngbohùn. Wọn ò mọ̀ pé ohùn tó ti ń pàṣẹ "Tì í! Tì í síta!" fún obìnrin látọjọ́ pípẹ́ ò nílò iná mànàmáná. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ dé ẹnu géètì.

Mínísítà sún mọ́ ọn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí kámẹ́rà. "Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ṣé o kórìíra orílẹ̀-èdè rẹ tó báyìí ni?"

"Ọ̀gá, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fẹ́kùn pa jẹ," ni Agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n tọ́mọ ẹni bá yàgbẹ́ sára, a máa ń nù ún ni. A kì í da lọ́fínńdà sí i."

Mínísítà ò dúró wo ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kó lọ máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ìkáṣọ, kó má fọwọ́ kan aláboyún kankan títí wọ́n á fi wádìí ẹnu rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ló mú un débẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O tà mí," ló wí.

"Mà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lójú gbogbo ayé."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ ọpẹ́? Èmi tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì!"

Fíìmù ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ láti fóònù dé fóònù. Bùrọ̀dá Tíṣà pè. Ohun àkọ́kọ́ tí Agbẹ̀bí gbọ́ ni ẹ̀rín, ẹ̀rín àtọkànwá tí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ òrùlé. "Lọ́fínńdà!" ló ń wí. "Lọ́fínńdà!" Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní, "Wá báyìí. Àwọn àlejò yẹn ti mú ọ, obìnrin yẹn ló ní dandan ìwọ ni. Wọn ò ní jẹ́ kó o rímú mí níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ wọ́n. Mo bẹ̀ ọ́, Agbẹ̀bí."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ ilé ló máa ń pè é.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Wẹ́dà pa iná irin, ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó nu apá kan bẹ́ǹṣì fún un. Wọ́n sọ ọ́ yí ká: owó ilé ìwé, ìyẹ̀fun tó ń gbówó lórí, ẹ̀yìn Agbẹ̀bí tó ń ro ó, àti ìtìjú ìkáṣọ. Ó sọ ti wọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú, bí àwọn obìnrin tí kò mọ ara wọn rí ṣe máa ń fún ọmọ ara wọn lọ́mú bí ọmú ìyá ọ̀kan ò bá tètè wá.

"Kí ni inú ẹ wí?" ni Wẹ́dà bi í.

"Inú mi ní kí n lọ. Orí kunkun mi ni ò gbà."

"Orí kunkun yẹn ni mo gbé níyàwó," ni Wẹ́dà wí. "Inú yẹn, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n."

Agbẹ̀bí pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. "Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá. Mi ò sọ pé mi ò ní lọ láéláé. Ṣùgbọ́n tí mo bá máa lọ, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi lọ. Wọn ò ní lé mi bí ajá tó jẹ ẹran. Àwọn tó jẹ ẹran gan-an jókòó sílé."

Bùrọ̀dá Tíṣà ò bínú lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ní, "O ya olórí kunkun," ó sì ń béèrè àlàáfíà ọmọ títí owó fi tán lórí fóònù.

Wọn ò lè gbé fíríìjì náà lọ lọ́jọ́ tí mínísítà wá mọ́, ìtìjú ò jẹ́. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn olówó tó wá pẹ̀lú ọkọ̀. Agbẹ̀bí wà láàárín aṣọ nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó jáde. Àwọn ìyá ìkókó ti jókòó dí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tọmọtọmọ, ẹsẹ̀ nínà. Ọmọbìnrin tí wọ́n fún lẹ́jẹ̀ ti lọ sílé, àmọ́ òun ló wà níwájú, ó gbọ́ ló ṣe padà wá. "Kò síbi tó ń lọ!" ni wọ́n ń pariwo. "Tẹlifíṣọ̀n ló fi hàn pé tiwa ni!" Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà ń làágùn bí ẹni tó jalè, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Nígbà tí wọ́n rí Agbẹ̀bí, wọ́n hó yèè. Wọ́n rò pé ó wá bá wọn jókòó ni.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ló wí.

Ẹnu yà wọ́n. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ̀rọ̀ ọjọ́sí?"

"Èmi ni. Mo ní tiwa kọ́ nìyí. Àwọn tó jí tiwa là ń pè lólè. A ò wá lè máa jí ti ẹlòmíràn. Tiwa ni ká lọ béèrè."

"Níbo?"

"Ibi tó ti sọnù."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà wí pé aṣọ ìjọba ló wọ̀, ó wọ tilé, ó ṣáájú. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì ètò ìlera ò jìnnà, ilé gíga ni, tó ní àtẹ̀gùn òkúta fífẹ̀ níwájú. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n jókòó sí. Wọn ò kọrin, wọn ò sọ òkò. Wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú, wọ́n ń sá ìtẹ́dìí sórí irin àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fo ọmọ kọjá. Ọ̀gá kan jáde, kóòtù lọ́rùn, ìbínú lójú.

"Ta ni olórí yín níbí?"

Ọmọbìnrin yẹn gbé ọmọ rẹ̀ sókè. "Ẹni yìí ni, sà."

Ọmọ náà sín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti rẹ́rìn-ín.

Wọ́n padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún wọn lómi. Ẹ̀ṣọ́ tó ń lé wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń bá wọn wá agbòòrùn. Kó tó di òpin oṣù, ọkọ̀ kan gbé fíríìjì wá sí wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe tuntun. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ha, ó sì ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ṣùgbọ́n ó ń tutù. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó jẹ owó ti àkọ́kọ́, ẹni náà ò sì tíì pọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ṣì ń sùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ omi ṣì ń yọ nígbà tó bá wù ú.

Agbẹ̀bí ṣì ń ká aṣọ. Wọ́n ní ìwádìí ò tíì parí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Mátírọ́ọ̀nù já wọlé bá a, gèlè iṣẹ́ rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ kan fi ẹsẹ̀ ṣáájú," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Dókítà wà nínú iṣẹ́ abẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tó wà nínú wọ́ọ̀dù ò ṣe irú ẹ̀ rí."

Agbẹ̀bí ò gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mà, ṣé wọ́n ti dá mi sílẹ̀ ni?"

"Wọn ò tíì dá ọ sílẹ̀."

"Tí wọ́n bá wá bi yín léèrè ńkọ́?"

Mátírọ́ọ̀nù wò ó. Ó wo yàrá náà yí ká, aṣọ tó tò dé àjà. Ó fa gèlè náà bọ́ lórí, ó jù ú sórí òkìtì aṣọ.

"Màá ní èmi ni mo ní kó o wá," ló wí. "Ta ni kí n bẹ̀rù? Ṣebí mo ń lọ sílé náà nìyí. Dìde, jàre!"

Agbẹ̀bí dìde. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó gba inú oòrùn kọjá lọ sí wọ́ọ̀dù, Mátírọ́ọ̀nù sì ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú garawa omi kànga kan, tó ń ta sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ń pariwo mọ́ gbogbo ẹni tó wà lọ́nà pé kí wọ́n yà.